Ààwẹ̀ Tí Ìyá Àdúrà Gbé Rù fún Ayọ̀kànmí

Kí Ayọ̀kànmí tó di akẹ́kọ̀ọ́ ìwòsàn àdánidá, ṣọ́ọ̀kì ọkọ̀ tòkunbọ̀ ló ń tà ní ọjà Ládìpọ̀. Bí ẹ bá gbé ṣọ́ọ̀kì fún un, á tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, á gbọ́ bó ṣe ń mí, á sì sọ fún yín bóyá ó máa dé Ìbàdàn tàbí kò ní í kọjá Ọ̀jọ́ta. Àwọn ọkùnrin tó yí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ká a máa pè é ní Dókítà Ṣọ́ọ̀kì. Òun náà á dá wọn lóhùn pé, "Ẹ gba káàdì kẹ́ ẹ tó wọlé o." Gbogbo wọn á rẹ́rìn-ín. Kò sẹ́ni tó mọ̀ pé orúkọ yẹn ń wọ̀ ọ́ lára.

Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá àti ìyá rẹ̀ ti wá, ṣùgbọ́n Mushin ni wọ́n bí i sí, Mushin náà ló ti mọ Ọlọ́run. Ìjọ tí wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà, àdúrà àti omi àdúrà ni wọ́n fi ń kojú àìsàn. Wọn kì í bú ilé ìwòsàn, wọn kì í sì í yára lọ síbẹ̀. Nígbà tó fẹ́ Gbádé, ọkùnrin jẹ́jẹ́ tóun náà ń tajà ní Ládìpọ̀, gbogbo ìjọ ló gbà pé kí ọdún tó yípo, wọn á gbọ́ igbe ọmọ tuntun. Ọdún yípo. Ó tún yípo. Ọlọ́run tó ń dá gbogbo ayé lóhùn dákẹ́ sí tiwọn. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé onígbàgbọ́ kì í gbọ́ irú ìdákẹ́jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó ń gbọ́ ọ. Ó kàn ń fi orin bò ó mọ́lẹ̀ ni.

Níbi tó ti ń wá ọ̀nà kiri ló ti bá obìnrin kan pàdé ní Sùúrùlérè, tó ń fi oúnjẹ, ewé, omi gbígbóná àti ìwọ́ra tọ́jú èèyàn. Obìnrin náà jókòó tì í, ó bi í bó ṣe ń sùn, ohun tó ń jẹ, ohun tó ń bà á nínú jẹ́. Kò fún un lọ́mọ, ṣùgbọ́n ẹ̀fọ́rí tó ti sọ ara rẹ̀ di àyálégbé lágbárí Ayọ̀kànmí kó ẹrù rẹ̀ jáde. Alẹ́ ọjọ́ náà ló wí fún ọkọ rẹ̀ pé, "Olówó orí mi, mo fẹ́ kọ́ iṣẹ́ yìí."

Gbádé jẹ òkèlè tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ tán kó tó dáhùn. "Ṣọ́ọ̀kì ńkọ́?"

"Ẹ̀yin ẹ ṣáà wà níbẹ̀."

"Ó dáa. Ṣùgbọ́n ewé kéwé tó o bá fẹ́ dán wò, má dán an wò lára mi o. Èmi kì í ṣe ọkọ̀ tòkunbọ̀."

Bí Ayọ̀kànmí ṣe wọ ilé-ẹ̀kọ́ ìwòsàn àdánidá kan ní Yábàá nìyẹn. Ó fẹ́ràn rẹ̀ bí ọmọdé ṣe fẹ́ràn òjò. Ọ̀kan nínú àwọn olùkọ́ rẹ̀, Ọ̀gá Túbọ̀sún, ló kọ́ wọn ní ẹ̀kọ́ kan tó wọ̀ ọ́ lára ju gbogbo ìyókù lọ. Ọ̀gá ní, "Ẹni tó ń gbààwẹ̀, tó bá ń gbọ̀n, tó ń làágùn, tí òòyì ń kọ́ ọ, ẹ má fòyà. Ìdọ̀tí ló ń jáde lára rẹ̀. Ilé tí a bá ń gbá, ṣé eruku ò ní í kọ́kọ́ sọ ni?"

Ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi dùn mọ́ Ayọ̀kànmí ni pé ó ti gbọ́ irú rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì láti kékeré. Ìyá Àdúrà, àgbà obìnrin tó ń ṣe olórí ẹgbẹ́ aládùúrà wọn, máa ń wí fún ẹni tí ààwẹ̀ bá gbò pé, "Ẹran ara ló ń kú. Jẹ́ kó kú." Inú Ayọ̀kànmí dùn pé ilé-ẹ̀kọ́ àti ilé Ọlọ́run bọ ara wọn lọ́wọ́. Ó rò pé ohun tí ẹnu méjì tí kò mọra bá sọ bákan náà, òótọ́ ni.

Nǹkan kan wà nínú ìjọ náà tí wọ́n ń pè ní ààwẹ̀ àgbérù. Bí ọ̀rọ̀ ẹnì kan bá ti le jù, tí òun fúnra rẹ̀ ti gbààwẹ̀ gbààwẹ̀ tí kò sí ìdáhùn, àgbà kan lè bá a gbé ààwẹ̀ náà rù. Ẹlẹ́rù á máa jẹun rẹ̀ nílé, agbérù á wọ yàrá àdúrà fún ọjọ́ mẹ́ta láìjẹun, àfi omi àdúrà ẹnu kan lówùúrọ̀. Àgbà kì í gbé e rù fún èèyàn lẹ́ẹ̀mejì. Bó bá sì já lójú ọ̀nà, ẹ̀bẹ̀ ti bọ́ sílẹ̀ nìyẹn. Àgbà ọ̀hún ò tún lè padà gbé e.

Ìyá Àdúrà ló fúnra rẹ̀ ránṣẹ́ pe Ayọ̀kànmí. Ó ní, "Mo ti ń dàgbà. Kí n tó lọ, màá gbé tìẹ rù." Ayọ̀kànmí dọ̀bálẹ̀ gbalaja bí ọkùnrin, ó gbàgbé pé ìkúnlẹ̀ ni tobìnrin. Ìyá Àdúrà ní àìsàn ṣúgà, gbogbo ìjọ ló mọ̀. Dókítà ti fún un ní oògùn tó ń lò láràárọ̀, ọmọ rẹ̀ tó wà lókè òkun sì ti mú un búra pé kò ní í fi í sílẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ìyá kì í sì í da ìbúra.

Ọjọ́bọ̀ ni ààwẹ̀ náà bẹ̀rẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, Ayọ̀kànmí yà síbẹ̀ kó tó lọ sí Yábàá. Ìyá Àdúrà jókòó lórí ẹní, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi omi àdúrà gbé oògùn rẹ̀ mì. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n díẹ̀. Iwájú orí rẹ̀ tutù, ó ń làágùn.

"Ayọ̀, ara mi ń ṣe mí bákan. Kí ni ìwé yín wí sí i?"

"Ẹ fọkàn balẹ̀, Ìyá. Ìdọ̀tí ló ń jáde."

Ojú Ìyá mọ́lẹ̀. "Ìwé náà gbọ́n," ló wí, ó sì padà sínú àdúrà.

Ọjọ́ Ẹtì yẹn, ẹ̀kọ́ àjọkọ́ ló gbé Ayọ̀kànmí lọ sí Yábàá. Ilé-ẹ̀kọ́ wọn àti ilé-ẹ̀kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì àti ti àwọn apòògùn ti fẹnu kò pé kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọn máa jókòó pọ̀ sídìí tábìlì kan nílé ìlera kan ládùúgbò náà, kí wọ́n jọ wo aláìsàn kan ṣoṣo. Dókítà Akínyẹlé ló ń darí wọn. Ọkùnrin náà ní òfin kan tí kò lè yẹ̀: kí ẹnikẹ́ni tó sọ ohun tó mọ̀, á kọ́kọ́ sọ ibi tí òye iṣẹ́ tirẹ̀ dópin. Níbẹ̀rẹ̀, ńṣe ni òfin yìí dà bí ìyà lójú wọn. Ta ni kì í fẹ́ kí wọ́n rò pé òun mọ̀?

Àwọn mẹ́ta ló wà nídìí tábìlì Ayọ̀kànmí. Kelvin ń kọ́ ìpòògùn, ọmọ Mushin ni, ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Jemilat ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ọmọ Ìjẹ̀bú tí wọ́n bí sí Òtò, ó fi híjáàbù funfun bo orí, ó sì máa ń wo Kelvin bí ìyàwó ilé ṣe ń wo ewúrẹ́ tó fẹ́ wọ ilé ìdáná. Àwọn méjèèjì kò ju ọmọ tí Ayọ̀kànmí ì bá ti bí lọ.

Dókítà pa ìtàn aláìsàn kan fún wọn. Bàbá kan ní àìsàn ṣúgà, ó ń lo oògùn, ó wà nínú ààwẹ̀, ó ti ń gbọ̀n, ó sì ń làágùn. "Kí lẹ máa ṣe?"

Ayọ̀kànmí kò jẹ́ kó tutù. "Ibi tí òye tèmi dópin ni pé mi ò mọ orúkọ oògùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kó sinmi. Ìdọ̀tí ló ń jáde."

"Yéè!" Jemilat fọwọ́ borí. "Àǹtí, ẹ ti pa bàbá olóbàbá."

"Ẹ jẹ́ ká sin ín ná," Kelvin wí. "Ta ló máa se ìrẹsì?"

"Ìwọ Kelvin yìí, o ya aláìnítìjú," Ayọ̀kànmí wí, ara rẹ̀ ti ń gbóná. "Iṣẹ́ tí mò ń kọ́, ṣé eré lẹ rò pé ó jẹ́ ni?"

"Àǹtí, ẹ má bínú." Kelvin pa ẹ̀rín rẹ̀ mọ́lẹ̀. "Ibi tí òye tèmi dópin ni pé mi ò mọ nǹkan kan nípa ìdọ̀tí tẹ́ ẹ ń sọ. Ó lè jẹ́ òótọ́ lára ẹni tí kò lo nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú oògùn ṣúgà yìí, iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n máa lé ṣúgà kúrò nínú ẹ̀jẹ̀. Bí oúnjẹ ò bá wọlé, wọn ò ní í dáwọ́ dúró. Wọ́n á máa lé èyí tó kù ṣáá. Oògùn yẹn ò mọ̀ pé ẹ ń gbààwẹ̀."

Jemilat gbà á lẹ́nu rẹ̀. "Ìyá bàbá mi ṣe é nínú Ràmàdáànì. A rò pé oorun ló ń kùn ún. Ó ń sọ ìsọkúsọ, ó ń fi orúkọ òkú pe èèyàn. Ọlọ́run fúnra rẹ̀ yọ̀ǹda aláìsàn nínú ààwẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ lọ sọ fún màmá àgbà, kẹ́ ẹ wò ó bóyá ó máa gbà."

Ayọ̀kànmí kò gbọ́ ìyókù. Ó ti rí ọwọ́ tó ń gbọ̀n. Ó ti gbọ́ ohùn ara rẹ̀: ìdọ̀tí ló ń jáde. Ó dìde, àga ṣubú lẹ́yìn rẹ̀.

"Màdáámù, ṣé kò sí nǹkan?" Dókítà bi í.

"Mo ń bọ̀, sà." Kò bọ̀ mọ́ lọ́jọ́ náà. Ó ti dé ẹnu ọ̀nà kó tó rántí pé kò mú báàgì. Fóònù nìkan ló wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Orin ló kọ́kọ́ pàdé rẹ̀ nígbà tó dé ilé àdúrà ní Mushin. Àwọn obìnrin ẹgbẹ́ aládùúrà ti yí Ìyá Àdúrà ká, wọ́n ń pàtẹ́wọ́, wọ́n ń kọrin kíkankíkan. Ṣìmí, olórí akọrin, ẹgbẹ́ Ayọ̀kànmí láti kíláàsì ọmọdé, sáré pàdé rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rín.

"Ayọ̀, o bọ́ sákòókò! Ẹ̀mí ti bà lé Ìyá! Ó ń fèdè sọ̀rọ̀!"

Ìyá Àdúrà jókòó, ó fẹ̀yìn ti ògiri. Aṣọ rẹ̀ ti rin bí ẹni tí wọ́n fà jáde lódò. Ètè rẹ̀ ń mì, ọ̀rọ̀ tó ń jáde níbẹ̀ kò lórí, kò nídìí. Ó la ojú sí Ayọ̀kànmí, ó sì pe orúkọ ìyá Ayọ̀kànmí, ẹni tó ti kú tipẹ́.

"Kì í ṣe Ẹ̀mí," Ayọ̀kànmí wí. "Ṣúgà ara rẹ̀ ló ti lọ sílẹ̀. Ẹ wá nǹkan dídùn fún mi."

"Nǹkan dídùn bíi kí ni? Nínú ààwẹ̀?"

"Ṣìmí, èmi ni mo purọ́ fún un láàárọ̀. Ẹ wá nǹkan dídùn!"

Kò sí oúnjẹ níbẹ̀. Nínú ọ̀sẹ̀ ààwẹ̀, wọn kì í jẹ́ kí èérún burẹ́dì kan wọ ilé náà. Ohun kan ṣoṣo tó dùn nínú gbogbo ọgbà ni oyin tó wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù ìsọmọlórúkọ, lẹ́gbẹ̀ẹ́ iyọ̀ àti orógbó. Wọ́n ti gbé e síbẹ̀ de ọjọ́ Ìsinmi, tí wọ́n máa sọ ọmọ Lydia, ará ìjọ wọn kan, lórúkọ. Ayọ̀kànmí ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, ó gbé ìgò náà. Orin dákẹ́.

"Oyin ọmọ Lydia nìyẹn!" Ṣìmí ti di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Ìdè ẹnu ìgò rẹ̀ ò tíì kúrò. Ayọ̀, ṣé orí rẹ pé? Ìwọ tó ò tíì ra oyin tìẹ, ọmọ ẹlòmíì lo fẹ́ tú oyin rẹ̀?"

Ọ̀rọ̀ náà wọlé síbi tí wọ́n rán an sí. Ṣìmí fúnra rẹ̀ mọ̀ ọ́n, ó sì fi ọwọ́ bo ẹnu.

Ìyá Àdúrà ti gbọ́. Níbi tó wà ní ọ̀nà jíjìn yẹn, ọgbọ́n orí rẹ̀ padà wá fún ìṣẹ́jú kan. Ó gbé ọwọ́ sókè, ó ń mì í. "Má já a," ló wí. "Ayọ̀. Tìẹ ni mo gbé. Má já a."

Ẹ gbà mí gbọ́, ibẹ̀ ni ayé ti dúró fún Ayọ̀kànmí. Bóyá òótọ́ ni pé Ọlọ́run ti tẹ́tí sílẹ̀ lẹ́yìn gbogbo ọdún yẹn. Bóyá ọ̀la ni ì bá dáhùn. Bóyá kò sì sẹ́ni tó ń gbọ́ rárá, tí àgbà obìnrin kan kàn ń kú lọ lórí ẹní. Èrò kẹta yìí, kò tíì jẹ́ kó wọlé rí láyé rẹ̀. Ó wọlé lọ́sàn-án gangan, nínú ilé Ọlọ́run, kò sì kan ilẹ̀kùn. Ayọ̀kànmí kò lè lé e, kò sì ní àyè láti bá a jà. Ó fi eyín tú ìdè ìgò náà.

Ó gbé orí Ìyá lé àyà rẹ̀, ó ti ìka bọ inú oyin, ó fi pa èrìgì rẹ̀ àti abẹ́ ètè rẹ̀. Ìyá pa eyín dé. Ìyá gé e jẹ lẹ́ẹ̀kan, ó gé e jẹ dáadáa, ẹ̀jẹ̀ yọ. Ayọ̀kànmí kò yọ ìka. "Ẹ gbé e mì, Ìyá mi. Ẹ jọ̀ọ́. Ẹ gbé e mì." Nígbà tí Ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í lá ètè rẹ̀, Ayọ̀kànmí ń fún un díẹ̀díẹ̀, títí ojú àgbà náà fi padà wá sílé. Ìyá wo ìgò. Ó wo ìka tó ń ṣẹ̀jẹ̀. Omi bọ́ lójú rẹ̀.

"O ti já a," ló wí.

"Mo ti já a, mà."

Inú Ayọ̀kànmí dùn, inú rẹ̀ bàjẹ́, kò mọ èyí tí ì bá sọ fún Jemilat nígbà tó pè é. Ó kàn sọ bí ọ̀rọ̀ Ìyá Àdúrà ṣe rí, ó ní kò sí wàhálà mọ́, Ìyá ti ń sọ̀rọ̀.

"Ẹ má fi í sílẹ̀ o, Àǹtí!" Jemilat pariwo nínú fóònù. Kelvin gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀. "Àǹtí Ayọ̀, oògùn yẹn ṣì wà lára wọn. Ṣúgà yẹn tún lè já wálẹ̀. Ẹ gbé wọn lọ sílé ìwòsàn báyìí báyìí." Ká ní òun nìkan ni, Ayọ̀kànmí ì bá fún Ìyá ní omi, kó sì ní kó sùn. Ó fóònù Gbádé, Gbádé gbé kẹ̀kẹ́ Márúwá wá, ó sì gbé Ìyá sí i bí ẹni gbé ẹyin. Nílé ìwòsàn, ṣúgà náà tún já lóòótọ́. Àwọn dókítà ti wà nítòsí láti gbà á.

Wọ́n ra oyin mìíràn, wọ́n sọ ọmọ Lydia lórúkọ. Lydia kò bínú. Ó ní ọmọ tí oyin rẹ̀ gba ẹ̀mí là kí wọ́n tó sọ ọ́ lórúkọ, ọmọ ire ni. Ìyá Àdúrà ni kò bá Ayọ̀kànmí sọ̀rọ̀. Bí Ayọ̀kànmí bá wá kí i, á dáhùn "Pẹ̀lẹ́," á sì yí ojú sí ògiri.

Ilé ìlera tí wọ́n ti ń ṣe àjọkọ́ ni wọ́n ní kí Ìyá máa lọ fún ìtọ́jú. Dókítà Akínyẹlé bẹ̀ ẹ́ pé kó jókòó ti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà. Ìyá gbà, kò sẹ́ni tó mọ ìdí. Gbádé ló gbé e wá, pẹ̀lú mọ́ínmọ́ín nínú kúlà.

Ìyá wo Kelvin láti òkè délẹ̀. "Ìwọ lo ní oògùn mi ò mọ̀ pé mò ń gbààwẹ̀?"

"Èmi ni, mà."

"Ó yẹ kó mọ̀. Mo gbàdúrà sí i lórí."

Kelvin kò mọ bóyá kóun rẹ́rìn-ín. Ó rántí òfin. "Màmá, ibi tí òye tèmi dópin ni pé mi ò mọ ohun tí ààwẹ̀ yẹn jẹ́ fún yín."

Ìyá sọ fún un. Ó sọ nípa ẹrù tí àgbà ń bá ọmọdé gbé, àti bí tòun ṣe bọ́ sílẹ̀ lójú ọ̀nà. Jemilat ní, "Màmá, bí ẹ bá fi ohun mìíràn sílẹ̀ dípò oúnjẹ ńkọ́? Ọ̀rọ̀ sísọ, tàbí oorun ọ̀sán?"

"Ọmọ mi, Ọlọ́run kì í ṣe ará Ládìpọ̀ tí a ó máa ná ọjà lọ́wọ́ rẹ̀."

Ó kan Ayọ̀kànmí. Ó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì. "Ìyá, ibi tí òye tèmi dópin ni pé nígbà tí mo ní ìdọ̀tí ló ń jáde, mi ò mọ̀. Mo kàn fẹ́ kó jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, kí ààwẹ̀ náà lè parí."

Ìyá yí ojú sí i, ó pẹ́ tó ti ṣe bẹ́ẹ̀ gbẹ̀yìn.

"Lọ́jọ́ yẹn, tó o gbé ìgò oyin lọ́wọ́, kí lo kọ́kọ́ rántí? Èmi àbí ọmọ?"

Ó rọrùn láti purọ́. "Ọmọ ni, mà."

"Síbẹ̀, o tú u."

"Mo tú u, mà."

Jemilat wo aago, ó rọra ní àkókò oúnjẹ Màmá ti tó. Gbádé ṣí kúlà. Ìyá fi ṣíbí gé mọ́ínmọ́ín, ó gbé e sókè, kò tíì fi sẹ́nu.

"Baba," ló wí, kò di ojú, "wọn ò jẹ́ kí n febi panú mọ́. Bẹ́ẹ̀, mi ò tíì sọ ẹrù ọmọ yìí kalẹ̀. Dípò ààwẹ̀, oúnjẹ ni màá máa jẹ fún un báyìí. Bó ò bá fẹ́ bẹ́ẹ̀, wá sọ fún mi fúnra rẹ." Ó jẹ ẹ́. Ó gé òmíràn, ó ní, "Ayọ̀kànmí," ó jẹ ẹ́. "Gbádé," ó jẹ ẹ́.

Ẹ̀rín fẹ́ pa Kelvin, Jemilat tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀ mọ́lẹ̀ lábẹ́ tábìlì.

Ayọ̀kànmí ṣì kúnlẹ̀. Èrò ọjọ́sí yẹn, pé bóyá kò sẹ́ni tó ń gbọ́, kò tíì jáde lọ. Ó jókòó sí igun kan nínú rẹ̀, ó dákẹ́. Ayọ̀kànmí kò mọ̀ bóyá Ọlọ́run ń gba ẹ̀bẹ̀ tí wọ́n fi mọ́ínmọ́ín bẹ̀. Ó ṣe "Àmín" sí ti ìkíní, ó ṣe sí èkejì, ó bu omi fún Ìyá, ó sì dúró tì í títí tó fi jẹ gbogbo rẹ̀ tán.